Ọ̀dà Àṣẹ́kù àti Agolo Rẹ̀

Ọ̀dà tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n kun ilé tán kì í tètè jọ ìdọ̀tí lójú ẹni tó ni ín. Owó ni wọ́n fi rà á, ó ṣì ń dán nínú agolo, onílé á sì gbé e sí abẹ́ àtẹ̀gùn tàbí ẹ̀yìn ilé ìdáná pẹ̀lú èrò pé yóò wúlò lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ náà kì í sábà dé. Ìdérí á dípẹtà, ohun tó wà nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, òjò ńlá kan á rọ̀ lálẹ́, ẹnì kan á sì dà á sí gọ́tà kí omi lè gbé e lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Ọ̀dà òde òní tó ti gbẹ sára ògiri kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan púpọ̀; ìgbà tó bá ṣì lè ṣàn ni ó ń dé ibi tí kò yẹ kó dé. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ní àṣẹ́kù kò ju méjì lọ: kó lò ó tán, tàbí kó rí i pé ó gbẹ kó tó kúrò nínú ọgbà òun.

Ohun mẹ́rin ló para pọ̀ di ọ̀dà. Èkíní ni èròjà àwọ̀, èyí tí titanium dioxide, lẹ́búlẹ́bú kan tó funfun nini, pọ̀ jù nínú rẹ̀ lóde òní. Èkejì ni ohun ìdè, oje kan tó jọ ike nígbà tó bá gbẹ, òun ló ń mú àwọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ̀kẹta ni omi tàbí epo tí wọ́n fi pò ó, tó máa ń fẹ́ lọ bí ọ̀dà ṣe ń gbẹ. Ẹ̀kẹrin ni àwọn èròjà wẹ́wẹ́: èyí tó ń mú un ki, èyí tí kì í jẹ́ kó máa hó, àti oògùn apakòkòrò tí kò ní jẹ́ kó rà nínú ike. Ohun kẹta yẹn ni àwọn akunlé fi ń pín ọ̀dà sí méjì. Ẹ̀mọ́ṣọ̀n ni èyí tí wọ́n fi omi pò, ara ògiri ni wọ́n ń kùn ún sí. Ọ̀dà olóróró, tí gbogbo ayé ń pè ní gúlọ́ọ̀sì, wà fún ilẹ̀kùn, férémù onígi, géètì àti irin ojú fèrèsé. Tína tàbí kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń là á. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun kò lè mọ bí yóò ṣe kó o dànù. Bí àkọlé ara ike bá ti parẹ́, kí ó kán díẹ̀ sínú ife omi kan kó sì rò ó: ẹ̀mọ́ṣọ̀n á bá omi pò, gúlọ́ọ̀sì kò ní bá a pò.

Láyé àtijọ́, ẹfun, osùn, èédú àti oje ewé ni wọ́n fi ń kun ògiri ojúbọ nílẹ̀ Yorùbá. Irú rẹ̀ ni àwọn obìnrin fi ń kun ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lára irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá dà á sẹ́yìnkùlé, ilẹ̀ tó ti wá náà ló padà sí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni àṣà dída àṣẹ́kù sílẹ̀ láìbìkítà ti ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n ń rọ sínú ike ní ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀, kò sì mọ ọ̀nà ilé padà.

Ẹ̀mọ́ṣọ̀n tó wọ gọ́tà ní Ìbàdàn lè bá omi dé odò Ògùnpa. Èyí tó wọ gọ́tà ní Èkó, ọ̀sà ló forí lé. Kó tó dé ibẹ̀, oje ìdè rẹ̀ á ti máa lẹ̀ mọ́ iyanrìn àti nàìlọ́ọ̀nù tó wà nínú gọ́tà, gọ́tà á sì tún dí sí i. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń gbé Ìbàdàn gbàgbé ohun tí odò tó dí lè ṣe, nítorí ìkún omi Ògùnpa ti ọdún 1980 gbé ilé, ó sì gbé ènìyàn. Dída ọ̀dà sínú ilé ìgbẹ́ kò sàn jù ú lọ. Kòkòrò àìfojúrí ló ń jẹ ìdọ̀tí inú ṣọ́kàwé. Apakòkòrò inú ọ̀dà kò mọ̀ pé àwọn wọ̀nyẹn ń ṣiṣẹ́ fún onílé. Oje ìdè á máa rẹ́ ihò ilẹ̀ tí omi ṣọ́kàwé ń gbà fà lọ. Bí ọ̀dà náà bá jẹ́ olóróró, tína inú rẹ̀ á máa yọ́ wọ ilẹ̀ lọ síbi tí omi kànga wà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọgbà kò sì ní àyè púpọ̀ láàárín kànga àti ṣọ́kàwé.

Kí àṣẹ́kù tó di wàhálà, ó ní láti kọ́kọ́ ṣẹ́ kù. Àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ọ̀dà ilé tí wọ́n ń rà níbẹ̀ ni wọn kì í lò. Ìṣirò tó lè dín in kù kò le. Kí a mú yàrá kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí ògiri rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Ìwọ̀n ìdí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 48. Ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú gíga ògiri jẹ́ 480. Kí a yọ ẹnu ọ̀nà kan tó jẹ́ 3 sí 7 àti fèrèsé méjì tó jẹ́ 4 sí 4, ó ku 427, ìyẹn nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 40. Lítà ẹ̀mọ́ṣọ̀n kan máa ń kun nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 10 lórí ògiri tó dán. Bí wọ́n bá fẹ́ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, lítà 8 ló máa gbà, ìyẹn ike oní-lítà 4 méjì péré. Ògiri tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ máa ń mu ju bẹ́ẹ̀ lọ, akunlé tó mọṣẹ́ á sì fi èyí kún un. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni pé onílé á gbọ́ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì oní-lítà 20 rọjú ju ike kéékèèké lọ, á rà á, lítà 12 á sì wà nílẹ̀ láìníṣẹ́. Ẹ̀dínwó tí ó jẹ nínú ṣọ́ọ̀bù ti di ẹrù nílé. Ó dára kí onílé àti akunlé jọ wọn ògiri pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lọ sọ́jà, kí wọ́n sì ra èyí tó kẹ́yìn nínú ike kékeré.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù tó sì ṣì dára, ó yẹ kó wà ní ìpamọ́ bí ohun tí wọ́n fẹ́ lò. Afẹ́fẹ́ ló ń ba ọ̀dà jẹ́ nínú ike, nítorí náà, kí wọ́n dà á sínú ike tí kò ní fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ lókè, kí wọ́n nu ẹnu ike náà mọ́ tónítóní, kí wọ́n ta nàìlọ́ọ̀nù lé e kí wọ́n tó tẹ ìdérí mọ́ ọn. Kí wọ́n kọ yàrá tí wọ́n fi kùn, orúkọ àwọ̀ àti ọdún tí wọ́n rà á sí ara rẹ̀. Láìsí èyí, ẹni tó bá fẹ́ fi bo àpá ara ògiri lẹ́yìn ọdún méjì á tún lọ ra òmíràn. Gúlọ́ọ̀sì àti tína kò gbọdọ̀ wà nítòsí ààrò tàbí jẹnẹrétọ̀. Tína tàbí kẹrosíìnì kò sì gbọdọ̀ wọ inú ike omi mímu tàbí igo ẹlẹ́rìndòdò láé, bó ti wù kó kéré mọ. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kì í ka àkọlé, bẹ́ẹ̀ ni kẹrosíìnì tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè pa á.

Ògiri ni ibi tó dára jù láti kó ọ̀dà dànù sí. Àṣẹ́kù ẹ̀mọ́ṣọ̀n oríṣiríṣi ṣeé pò pọ̀. Àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ tí kò wu ẹnikẹ́ni ló sábà máa ń dà, ṣùgbọ́n ó tó fún kọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ lábẹ́ àwọ̀ gidi, ó tó fún ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, ilé jẹnẹrétọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù onípákó. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò kì í kọ̀ ọ́. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ akunlé nílò ohun tí yóò fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo rólà láìjẹ́ kó máa kán sílẹ̀, ọ̀dà tí kò ní olówó sì dára fún ìyẹn ju ọ̀dà oníbàárà lọ. Kìkì pé ẹ̀mọ́ṣọ̀n àti gúlọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ pàdé nínú ike kan: wọ́n á dì, méjèèjì á sì ṣòfò. Ẹ̀mọ́ṣọ̀n tó ti ń rùn, kòkòrò ló ti jẹ ẹ́. Òórùn náà lè wà lára ògiri fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà kò yẹ nínú yàrá.

Èyí tí kò ṣeé lò mọ́ ni wọ́n máa gbẹ. Bí ẹ̀mọ́ṣọ̀n bá kù bí ìka méjì ní ìsàlẹ̀ ike, kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, níbi tí òjò, ọmọdé àti ewúrẹ́ kò dé. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, pàápàá bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, kì í pẹ́ gbẹ. Bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá páálí kan, kí wọ́n tẹ́ nàìlọ́ọ̀nù tí kò lu sínú rẹ̀, kí wọ́n da ìyẹ̀ pákó tàbí iyanrìn gbígbẹ sí i, kí wọ́n wá máa rọ ọ̀dà lé e díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa fi igi rò ó pọ̀. Rírọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò dára, orí rẹ̀ nìkan ló máa gbẹ, abẹ́ á ṣì jẹ́ omi. Sìmẹ́ńtì tó ti ń di nínú àpò, tí kò ṣeé kọ́lé mọ́, máa ń mú iṣẹ́ náà yá. Ìyẹ̀ pákó kò wọ́n: wọ́n máa ń kó o jọ gègèrè ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n ti igi bọ ibi tó jìn jù nínú rẹ̀. Bí igi náà bá jáde láìsí ohun tútù lára rẹ̀, ó ti di pàǹtí lásán, wọ́n lè dì í pọ̀ kí wọ́n sì kó o fún àwọn tó ń kó ilẹ̀. Ọkọ̀ PSP tó ń kó ilẹ̀ ní Èkó máa ń fún ìdọ̀tí pọ̀ ni. Bí ike ọ̀dà tútù bá bẹ́ nínú rẹ̀, ara òṣìṣẹ́ tó dì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni á fọ́n sí, èyí tó kù á máa kán sójú títì láti àdúgbò kan dé èkejì.

Gúlọ́ọ̀sì ní ìwà tirẹ̀. Òróró inú rẹ̀ kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Ó ń bá afẹ́fẹ́ ọ́síjìn pò ni, ìpòpọ̀ náà sì máa ń mú ooru jáde. Lára ilẹ̀kùn, ooru náà á fẹ́ lọ láìsí ẹni tó mọ̀. Nínú àkísà tí wọ́n ká pọ̀ tàbí nínú òkìtì ìyẹ̀ pákó, kò ríbi lọ: á máa gbóná sí i títí tí iná fi máa ràn láìsí ẹni tó ṣá ìṣáná. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé iyanrìn ni wọ́n ń fi gbẹ gúlọ́ọ̀sì, kì í ṣe ìyẹ̀ pákó. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1991, ilé alájà 38 kan tí wọ́n ń pè ní One Meridian Plaza ní ìlú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, gbiná láti àjà kejìlélógún. Àkísà tí àwọn tó ń tún pákó ara ògiri ṣe fi òróró linseed nù ni wọ́n kó jọ sílẹ̀ tí wọ́n sì lọ sílé. Panápaná mẹ́ta kú níbẹ̀, wọn kò sì tún ilé náà lò mọ́ títí tí wọ́n fi wó o. Àkísà tí wọ́n bá fi nu gúlọ́ọ̀sì tàbí fánìṣì, kí wọ́n ta á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sórí okùn níta títí tí á fi gan, tàbí kí wọ́n rì í sínú omi nínú agolo onírin kí wọ́n sì dé e.

Tína tí wọ́n fi fọ búrọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dànù. Bí wọ́n bá dà á sínú agolo tó ní ìdérí tí wọ́n sì fi í sílẹ̀, àwọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, tína á mọ́ lókè. Wọ́n lè rọra dà á sọ́tọ̀ kí wọ́n tún fi ṣiṣẹ́ míràn, kí wọ́n sì fi iyanrìn gbẹ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní ti búrọ́ọ̀ṣì àti rólà tí wọ́n fi kun ẹ̀mọ́ṣọ̀n, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé ìròyìn tàbí páálí nu ọ̀dà kúrò lára wọn dáadáa kí wọ́n tó kan omi. Akunlé tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní lò ju bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan lọ. Èyí tó bá lọ síbi ẹ̀rọ omi tààrà á máa ṣí omi sílẹ̀ títí tí ilẹ̀ ibẹ̀ á fi funfun.

Ọ̀dà tó ti gbẹ sára ilé àtijọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ gbígbẹ kò gbà là, nítorí òjé. Òjé máa ń jẹ́ kí ọ̀dà mọ́lẹ̀, kó tètè gbẹ, kó sì pẹ́ lára igi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lò ó fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Àpérò àgbáyé lórí iṣẹ́ ṣíṣe ṣe àdéhùn lórí ẹfun òjé nínú ọ̀dà ní Geneva ní ọdún 1921. Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé ní 1978. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu, ọmọdé ló sì ń pa lára jù, nítorí ọpọlọ tó ṣì ń dàgbà ló ń bá jà. Òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lónìí ni pé òjé kò gbọdọ̀ ju ìdá 90 lọ nínú mílíọ̀nù kan ọ̀dà gbígbẹ, ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí bá òjé tó ju èyí lọ fíìfíì nínú ọ̀dà tó wà lórí àtẹ. Ilẹ̀kùn onípákó àti fèrèsé ilé àtijọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí ni kí wọ́n fura sí jù. Kí wọ́n má ṣe fi sáńpépà gbígbẹ ha á, kí wọ́n má sì ṣe fi iná sun ún. Omi ni kí wọ́n fi rin ín kí wọ́n tó ha á, kí wọ́n tẹ́ nàìlọ́ọ̀nù sílẹ̀, kí wọ́n kó èérún rẹ̀ pọ̀ sínú nàìlọ́ọ̀nù onílọ̀ọ́po méjì kí wọ́n sì dì í. Kí àwọn ọmọ má sí nítòsí títí tí wọ́n fi máa fi omi nu ilẹ̀. Sísun irú pákó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ìkòkò ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí èéfín rẹ̀ á gbé òjé wọ inú ilé.

Ó ku agolo. Agolo onírin tó ti gbẹ nínú, tí ìdérí rẹ̀ wà ní ṣíṣí kí ẹni tó ń rà á lè rí i pé kò sí ohun tó ń ṣàn nínú rẹ̀, ọjà ni lọ́wọ́ oníkóńdẹ́ẹ̀mù. Wọ́n á yọ́ ọ pọ̀ mọ́ irin mìíràn, iná ìléru á sì jó ọ̀dà tó kù lára rẹ̀. Ike náà ní àwọn tó ń rà á láti lọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ike ọ̀dà tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn nílẹ̀ Yorùbá, nítorí ó ti ríṣẹ́ mìíràn. Òun ni garawa ìponmi, òun ni ìkòkò òdòdó, òun ni ìjókòó ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Òun náà sì ni òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò gàrí tó ní kí wọ́n wọn “pẹ́ńtì kan” fún òun, ike oní-lítà 4 ló ń sọ, àwọn olóńjẹ sì ti fi í wọn ẹ̀wà àti ìrẹsì tipẹ́tipẹ́. Ike tuntun tí kò gba ọ̀dà rí kò ní wàhálà. Èyí tó ti gba ọ̀dà rí, bó ti wù kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó, ara ike ti mu nínú àwọn èròjà náà, àwọ̀ tó sì gbẹ sí etí rẹ̀ á máa ṣí wọ inú gàrí. Ó rọrùn láti dá a mọ̀: kí oníbàárà fi èékánná ha abẹ́ etí ike náà, níbi tí kàn-ìn-kàn-ìn kì í dé. Onílé tó fẹ́ ta tiẹ̀ tàbí fi tọrẹ lè fi ìṣó lu ihò sí ìdí rẹ̀. Á ṣì wúlò fún òdòdó àti fún ewébẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní wọn oúnjẹ mọ́, kò sì ní gba omi mímu. Agolo ọ̀dà onífífọ́n ni wọn kò gbọdọ̀ lu: kí wọ́n fọ́n ọn títí tí kò fi dún mọ́, kí wọ́n má dá a lu, kí wọ́n má jù ú sínú iná, nítorí bíbẹ́ ló ń bẹ́.

Níbi tí ètò ti wà, ẹni tó ń ra ọ̀dà ló ń san owó ìkódànù rẹ̀ ní ìdí àtẹ. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe òfin rẹ̀ ní 2009, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 2010 lábẹ́ PaintCare, àjọ tí àwọn tó ń ṣe ọ̀dà dá sílẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e, California àti New York wà lára wọn. Onílé á gbé àṣẹ́kù rẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù tó gbà láti máa gbà á, wọ́n á sì po ẹ̀mọ́ṣọ̀n tó ṣì dára pọ̀ di ọ̀dà tuntun. Ní Australia, Paintback bẹ̀rẹ̀ ní 2016 pẹ̀lú sẹ́ǹtì 15 lórí lítà kọ̀ọ̀kan. Ní Ìlú Ọba, Community RePaint ti ń gba ọ̀dà àṣẹ́kù láti 1992, tó sì ń pín in fún àwọn ẹgbẹ́ àti ìdílé tí kò rówó ra tuntun. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham tàbí Manchester gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òfin ibẹ̀ kò gba ohun tó ń ṣàn láyè ní ààtàn, ọ̀pọ̀ káńsù kò sì ní gba ọ̀dà lọ́wọ́ rẹ̀ àfi tó bá ti gan.

Ní ìlú bí Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta, onílé kò ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ láti gbé tirẹ̀ lọ. Ààtàn ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, ààtàn sì máa ń gbiná: Olúsósun ní Ojọ́ta, ní Èkó, jó ní oṣù kẹta ọdún 2018, èéfín rẹ̀ sì bo àdúgbò. Kò sí ìdí tí ètò ilẹ̀ Yorùbá fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ẹgbẹ́ àwọn akunlé ń ṣe ìpàdé. Dírọ́ọ̀mù méjì, ọ̀kan fún ẹ̀mọ́ṣọ̀n funfun, èkejì fún aláwọ̀, tó bá wà níbi ìpàdé náà lè gba àṣẹ́kù ilé tí wọ́n bá kùn, wọ́n á sì máa bu kọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ níbẹ̀ láìsan owó. Àwọn tó ń ta ọ̀dà náà lè máa wọn ẹ̀mọ́ṣọ̀n láti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá sínú ike oníbàárà ní lítà lítà, bí elépo pupa ṣe ń wọn tirẹ̀, kí ẹni tó nílò lítà 8 má baà ru 20 lọ sílé.